Àpótí Ìwé Bàbá Àgbà: Bí Ìdílé Ṣe Lè Tọ́jú Lẹ́tà àti Ìwé Àtijọ́ ní Òkè Ọya

Ní ilé wa ní Kaduna, àpótí páànù kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá àgbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè kí wọ́n tó di oníṣòwò ẹ̀pà, wọ́n sì ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé àwọn Yorùbá tí wọ́n bá ní ẹjọ́, ìyàwó, gbèsè tàbí òkú láti gbé lọ sílé a máa kọ̀wé sí wọn láti Kano, láti Zaria àti láti Jos. Nígbà tí a ṣí àpótí náà lẹ́yìn ìsìnkú, ikán kò tí ì dé ibẹ̀, eku kò tí ì dé ibẹ̀. Àwa ọmọ ni a kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi kan ti tú gbogbo ìdì lẹ́tà, ó sì ti tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí. Àbúrò mi ti fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tí ó ya. Àǹtí wa sì ti kó àwọn tí ó dárúkọ ìyá wọn sínú báàgì, wọ́n ti gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ìfẹ́ ni gbogbo wa fi ṣe é.

Nítorí náà, ìtọ́sọ́nà tí mo fẹ́ kọ yìí kì í ṣe nípa ikán nìkan. Ọwọ́ àwa ọmọ ilé gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú dúró, pàápàá ní ìdílé tí ó lórúkọ, níbi tí olúkúlùkù ti ní ìdí tí ó fi fẹ́ kí ìwé kan hàn kí òmíràn má sì hàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ẹ tó ṣí àpótí, ẹ pe ìdílé jọ

Ẹ má ṣe fi ìpàdé yìí falẹ̀, ẹ má sì ṣe fò ó. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ nínú ilé náà, kí aṣojú wà láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan, àní láti ìdí èyí tí ó ti kọ ọkọ lọ, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni kí ìpàdé náà pinnu, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i: ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni méjì tí yóò máa wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ṣí i, àti òfin pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ kúrò nínú ilé kí a tó ya fọ́tò rẹ̀. Mo ti rí i pé kò pọn dandan kí dáwódù ni ó mú kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ó ní sùúrù, tí kò sì ní ẹjọ́ ilẹ̀ kankan pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nínú ilé, ni ó dára jù, ìbáà ṣe ọmọ tí ó kéré jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó bí ó ṣe wà, ẹ má tò ó

Ìgbésẹ̀ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni ó nira jù, nítorí pé bí a bá ti rí ohun tí ó rí jágbajàgba, ọwọ́ wa á máa yún wa láti tò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Bí ẹni tí ó ni ìwé náà ṣe kó o pọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó sọ láìla ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pẹ̀lú ìdì kan ṣoṣo. Nínú àpótí tiwa, lẹ́tà mẹ́tàdínlógún wà tí a fi òwú ìránṣọ dúdú so pọ̀. Ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kọ wọ́n, ọdún tí wọ́n kọ wọ́n kò bára mu, ìwé kan wá láti Jos, òmíràn láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárín wọn ni tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè kan wà, àti rìsíìtì páàkì ìbora méjì. Lójú ẹni tí kò mọ̀, pàǹtí ni. Ìyá àgbà kan tí ó ṣẹ́kù nínú ẹbí ni ó wo òwú dúdú náà tí ó ní, “Ìwé Àbíkẹ́ nìyẹn.” Àbíkẹ́ ni ọmọ bàbá àgbà tí ó kú sí Jos, lẹ́tà àìsàn rẹ̀ àti ti ìbánikẹ́dùn ni gbogbo wọn, tíkẹ́ẹ̀tì náà sì ni èyí tí bàbá fi wọ ọkọ̀ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ti tú u ká. Mẹ́sàn-án ni a lè dá mọ̀ nínú mẹ́tàdínlógún, ibi tí ojú ihò òwú náà wà lára ìwé ni a fi mọ̀ wọ́n. Mẹ́jọ yòókù ti pòórá sínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé mìíràn.

Nítorí èyí, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò àpótí náà bí ẹ ṣe ṣí i, láti òkè, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ máa mú ìdì kọ̀ọ̀kan jáde láti òkè lọ sísàlẹ̀, ẹ fún un ní lẹ́tà A, B, D bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú u, ẹ sì kọ ohun tí a fi dì í sílẹ̀: òwú ni, rọ́bà ni, àbí ègé àǹkárá. Bí ìwé kan bá ká mọ́ òmíràn, tàbí tí lẹ́tà bá wà nínú Bíbélì tàbí nínú Kùránì, ẹ kọ ojú ewé tí ẹ ti bá a. Ẹ fi àpò lẹ́tà sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀, nítorí pé òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó wà lára àpò ni ó sábà máa ń sọ ọjọ́ tí ẹni tí ó kọ̀wé gbàgbé láti kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìnù, ìtú àti ojú ọjọ́

Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya ní wàhálà méjì tí kò jọra. Ní àkókò ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ a gbẹ débi pé tákàdá tí a ti ká fún àádọ́ta ọdún á kán lójú ibi tí a ká a sí bí ẹ bá tẹ́ ẹ. Eruku a sì wọ ibi gbogbo. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ọ̀rinrin á jẹ́ kí ìwé bu, ebu funfun á gba ojú rẹ̀. Fún ìdí yìí, ìparí òjò, láti ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ títú lẹ́tà. Èyí tí kò bá fẹ́ ṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi kàn án, ẹ má ṣe fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Ìbọ̀wọ́ kò wúlò fún lẹ́tà, nítorí pé kì í jẹ́ kí ìka mọ ibi tí ìwé ti fẹ́ ya; fọ́tò ni ẹ lè wọ̀ ọ́ fún, etí fọ́tò nìkan sì ni kí ẹ máa dì mú. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí ó rọ̀, tí kò tí ì kan ọ̀dà, ni kí ẹ fi gbá eruku, láti àárín ìwé lọ sí etí. Ẹ fi sùúrù yọ pín-ìn àti irin tí ó ti dípẹtà, ẹ sì yọ rọ́bà tí ó ti ń yọ́. Sẹ́lótéèpù jẹ́ ọ̀tá: lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì wọ inú ìwé. Èyí tí ó burú jù ú lọ ni kí a fi ìwé sínú náílọ́ọ̀nù gbígbóná tí wọ́n ń pè ní lámínéètì, èyí tí a fẹ́ràn láti fi ìwé ẹ̀rí sí. Iná rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìwé náà tún padà sípò mọ́.

Bí ẹ bá rí kòkòrò tí ó wà láàyè, ẹ dì ìwé náà sínú náílọ́ọ̀nù tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, kí ẹ sì gbé e sínú fírísà tí ó tutù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fírísà tí iná kò ní kú lórí rẹ̀ ni mo ń sọ o. Ẹ ti mọ bí iná wa ṣe rí, torí náà ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ lọ tọrọ àyè. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tú náílọ́ọ̀nù náà títí tí yóò fi padà sí ìwọ̀n ooru inú yàrá. Oògùn apakòkòrò kò gbọdọ̀ kan ìwé rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí ìwé yóò máa gbé

Páálí ńdómì kò dára, nítorí pé òórùn oúnjẹ tí ó wà lára rẹ̀ máa ń pe aáyán. Ìwé ìròyìn kò dára láti fi wé lẹ́tà, nítorí pé àwọ̀ igi inú rẹ̀ á ràn mọ́ ohun tí ó bá kàn. Bí ẹ kò bá rí fáìlì tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú ìwé àtijọ́ rà, tákàdá funfun tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tókọ́pì ń lò dára tó láti fi sí àárín lẹ́tà kan sí òmíràn. Kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí ó má fara ti ògiri tí òjò ń nà, kí ó má sì wà lábẹ́ páànù tí kò ní síílíǹgì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé àkọsílẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ

Ẹ ra ìwé àjákọ ńlá kan. Ẹ fi pẹ́ńsù, kì í ṣe báírò, kọ nọ́ńbà kékeré sí ẹ̀yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní igun: A/12 túmọ̀ sí lẹ́tà kejìlá nínú ìdì A. Nínú ìwé àjákọ náà, ẹ kọ ẹni tí ó kọ̀wé, ẹni tí ó kọ ọ́ sí, ibi tí ó ti wá, ọjọ́ rẹ̀, èdè rẹ̀, àti ohun tí ó dá lé lórí ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Bí lẹ́tà Hausa bá wà, ẹ wá ẹni tí ó gbọ́ Hausa àtijọ́ dáadáa. Èyí tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ lè má jẹ́ èdè Lárúbáwá rárá. Ó lè jẹ́ Hausa, ó sì lè jẹ́ Yorùbá tí a kọ ní ànjẹ̀mí, pàápàá bí ó bá wá láti Ìlọrin. Àáfáà tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ni kí ẹ bi.

Bí lẹ́tà kò bá ní ọjọ́, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. Sítáḿpù tí ó ní orí Ọba George Kẹfà kò lè ṣáájú 1936, èyí tí ó ní orí Ọbabìnrin Elizabeth kò sì lè ṣáájú 1952. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ North Central State, ẹ mọ̀ pé ó bọ́ sáàárín 1967, nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀, àti 1976, nígbà tí ó di Ìpínlẹ̀ Kaduna. Benue-Plateau náà rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Jos. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abuja, ẹ ṣọ́ra gidigidi: lẹ́tà tí ó bá wá láti “Abuja” ní 1960 kò wá láti ìlú tí ẹ ń gbé lónìí, Suleja ni ó ti wá, nítorí pé Suleja ni ó ń jẹ́ Abuja kí wọ́n tó gba orúkọ náà fún olú ìlú tuntun. Owó náà máa ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé, nítorí náà lẹ́tà tí ó ń ka pọ́n-ùn àti ṣílè sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Mo ní “sábà” nítorí pé àwọn àgbà wa kò jáwọ́ níbẹ̀. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè kan títí di ìgbà tí a dàgbà.

Bí ẹ bá ń tẹ lẹ́tà Yorùbá jáde, ẹ má ṣe tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe. “Aiye”, “enia” àti “yio” tí ẹ ó rí níbẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Àkọtọ́ tí a ń lò kí èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó dé ni. Ẹ kọ ọ́ bí bàbá ṣe kọ ọ́.

Orúkọ ni iṣẹ́ gidi wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni a ó máa pè ní Joseph nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá rẹ̀ á máa pè é ní Àkànní, tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ á máa pè é ní Bàbá Kano nítorí pé kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé á sì máa pè é ní Ìdí-Ọkọ̀ nítorí ibi tí ó ti ń tajà. Ọmọ tí yóò ka ìwé náà ní ogójì ọdún sí i yóò rò pé ènìyàn mẹ́rin ni. Ẹ ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún orúkọ, kí ẹ sì gbé lẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó ṣẹ́kù, kí ẹ kà á sí wọn létí, kí ẹ tan fóònù yín kí ó máa gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé “Ẹ sọ ìtàn ìdílé wa fún wa”. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọn yóò sọ. Ẹ ka gbólóhùn kan láti inú lẹ́tà, kí ẹ sì dákẹ́. Nígbà tí a ka ibì kan sétí ìyá àgbà wa, níbi tí ẹnì kan ti ní kí wọ́n bá òun kí “ìyá oníyangan”, ẹ̀rín ni ìyá àgbà kọ́kọ́ rín fún ìgbà pípẹ́, ọ̀sán ọjọ́ náà ni a sì tó mọ̀ pé bàbá ti ní ìyàwó kan ní Minna kí wọ́n tó gbé ìyá àgbà wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀dà mẹ́ta

Alùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ibẹ̀ ni ìwé náà gbé sọnù. Ó kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó padà lọ sínú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nílé, tí ó tún un kọ, tí ó sì jáde ní 1921. Ká ní wọ́n ti da àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn nù, kì bá sí ohun tí a ń kà lónìí.

Fóònù tó láti fi ṣe ẹ̀dà. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí oòrùn má ta sí i tààrà, kí ẹ pa fláàṣì, kí fóònù dúbúlẹ̀ gbọọrọ lókè ìwé láì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn àti àpò rẹ̀. Bí ẹ bá ní síkánà, 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó) tó fún lẹ́tà, 600 fún fọ́tò kékeré. Kí orúkọ fáìlì bá nọ́ńbà inú ìwé àjákọ mu. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi “document”, nítorí pé bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á sì di bàìbàì.

Kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí òmíràn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Google Drive, kí ẹ̀kẹta wà nínú haádì dírìfù ní ìlú mìíràn. Ìlú mìíràn ni mo wí, kì í ṣe ilé kejì ní àdúgbò kan náà. Àwa tí a rí Kaduna ní 2000, àti àwọn tí wọ́n rí Jos ní 2001, mọ bí ilé ṣe ń jóná pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé tí ó ń dójú tini

Kò sí ìdílé ńlá tí kò ní in. Lẹ́tà gbèsè, lẹ́tà ọmọ tí a kò mú wọlé, lẹ́tà tí bàbá fi bú ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ àna wa báyìí. Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n á sọ ni pé kí a sun ún. Èmi kò fara mọ́ ọn, kì í sì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn òfófó: ìwé tí ẹ sun lónìí lè jẹ́ òun nìkan ni ó ní orúkọ ìlú tí ọmọ yẹn wà. Ẹ fi í sínú àpò, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ kọ ọdún tí a lè ṣí i sí ojú rẹ̀, kí àwọn aṣojú ìdí igi sì fọwọ́ sí ibi tí a lẹ̀. Nínú ìwé àjákọ, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti “a tì í títí di ọdún báyìí-báyìí”, ẹ má ṣe kọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni a mú nílé tiwa lẹ́yìn àríyànjiyàn tí ó gba ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta.

Ẹ tún mọ̀ pé níní lẹ́tà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí níní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé tí ẹlòmíràn kọ sí bàbá yín, tiyín ni tákàdá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó kọ ọ́ àti àwọn àrólé rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 ní Nàìjíríà sì dáàbò bò ó fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. Kí ẹ tó tẹ̀wé ìrántí, ẹ lọ rí ìdílé wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ bá fẹ́ gbé e síta

Ìwé Herbert Macaulay, ẹni tí ó kú ní 1946, wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń rí i kà títí di òní. Ní Òkè Ọya, ẹ̀ka ilé ìtọ́jú ìwé ìtàn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kaduna, Arewa House náà sì wà níbẹ̀, ilé tí Sardauna Ahmadu Bello ń gbé kí wọ́n tó pa á ní oṣù kìíní 1966, tí ó ti di ibi ìtọ́jú ìwé àti ìwádìí lábẹ́ yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní Zaria. Ìwé ìdílé Yorùbá tí ó gbé Òkè Ọya fún ọgọ́rin ọdún kò ṣàjèjì sí irú ibẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó o lọ lásán. Ìdílé wa ti fún ibì kan ní páálí méjì rí láìgba ìwé, ẹni tí ó gbà á fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ sì ní òun kò rí ohun tí ó jọ ọ́. Kí ẹ lọ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí wọ́n fọwọ́ sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ìwé àdéhùn sì sọ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí ìfipamọ́, ẹni tí ó lè kà á, ọdún tí èyí tí ẹ tì yóò ṣí, àti ibi tí wọn yóò ti kàn sí yín bí wọ́n bá fẹ́ kó o kúrò níbẹ̀.

Lọ́dọọdún

Ní ìparí òjò, kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pe àwọn ẹlẹ́rìí méjì, kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n wo igun rẹ̀ bóyá ikán ti ń ta erùpẹ̀, kí wọ́n yọ lẹ́tà mẹ́wàá wò láìṣà, kí wọ́n sì ṣí haádì dírìfù láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́ náà àti orúkọ wọn sí ẹ̀yìn ìwé àjákọ. Ní tiwa, àǹtí ti dá mẹ́rìnlá padà láti Ìbàdàn nínú èyí tí wọ́n kó lọ. A ti kọ wọ́n sábẹ́ ìdì tuntun tí a pè ní Ì, a sì fi báàgì tí wọ́n fi gbé wọn wá sílẹ̀ pẹ̀lú wọn.